Táíwò kọ́ ló bí Kẹ́hìndé: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ "correlative"

Ọmọbìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ ìwé ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Orí kẹrin iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ló kó dání. Ohun tó ń wádìí ni bóyá jíjìnnà ilé sí ilé-ìwé ń kan máàkì àwọn ọmọ tó ń ti abà wá. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ti fi báírò pupa yí ọ̀rọ̀ kan ká ní ibi mẹ́fà: correlative. Kò kọ ohunkóhun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ju àmì ìbéèrè lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Inú ìwé ni mo ti rí ọ̀rọ̀ yìí o, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ìwé òfin ni ìwé ọ̀hún, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin. Ó mú ọ̀rọ̀ ní agbo ilé kan, ó gbé e lọ sí agbo ilé mìíràn, kò sì béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe níbẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka irú ìwé báyìí fún àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga, mo sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ tó ń ṣi èèyàn lọ́nà tó èyí kò pọ̀. Ohun tó fà á ni pé níbi gbogbo tí wọ́n ti ń lò ó, nǹkan méjì tí ń bá ara wọn rìn ló ń tọ́ka sí. Alábàárìn ni mo máa ń pè é tí mo bá ń ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ìrìn yàtọ̀ sí ìrìn. Ìrìn kan wà tó jẹ́ dandan: bí ọ̀kan kò bá sí, èkejì kò lè sí. Ìrìn mìíràn wà tó jẹ́ pé ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ ni: bí èyí bá lọ sókè, tọ̀hún náà máa ń lọ sókè, àmọ́ kì í ṣe lójoojúmọ́, kì í sì í ṣe lára gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá fi "dandan" sí ibi tí "ó sábà" yẹ kó wà ti kọ irọ́ láìmọ̀.

Má ṣe pe nǹkan méjì ní alábàárìn torí pé o máa ń rí wọn pọ̀

Ẹ jẹ́ kí a ti orí dandan bẹ̀rẹ̀. Kò sí ilé tí wọ́n ti ń bí Kẹ́hìndé láìbí Táíwò. Bí ọmọ bá dá wá, kó lẹ́wà bí òṣùmàrè, a kò ní sọ ọ́ ní Táíwò, torí orúkọ náà ti gbé ẹnìkejì pọ̀n. Ohun tí àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ń pè ní correlative nìyẹn. Aristotle, ará Gíríìkì, sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ Categories ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn. Àpẹẹrẹ tó mú wá ni ìlọ́po méjì àti ìdajì, ọ̀gá àti ẹrú. Ó ní bí o bá yọ ọ̀kan, o ti yọ èkejì, àti pé bí o bá mọ ọ̀kan dájú, o gbọ́dọ̀ mọ èkejì.

Iṣu àti epo ńkọ́? Wọ́n ń pàdé lórí àwo láti ìgbà ìwáṣẹ̀, síbẹ̀ iṣu kì í ṣe correlative epo. Èèyàn lè fi ẹ̀pà jẹ iṣu, kó sì tún jẹ ẹ́ lásán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń bá mi jiyàn ni bàbá àti ọmọ. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí bàbá ló kọ́kọ́ wà kó tó bímọ?" Ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ wà, bàbá kò ì tíì sí. Àwa Yorùbá gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé, torí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni orúkọ bàbá náà ń yí padà. Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní orúkọ àbísọ rẹ̀ lánàá di Bàbá Àyọ̀délé lónìí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí bàbá àti ọmọ.

Aristotle tún kìlọ̀ nípa àṣìṣe kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ó ní bí o bá sọ pé alábàárìn ìyẹ́ apá (wing) ni ẹyẹ, o ti ṣì í, torí àwọn ohun mìíràn wà tó ní ìyẹ́ apá tí kì í ṣe ẹyẹ. Wo eṣinṣin, wo àdán. Alábàárìn ìyẹ́ apá ni ohun tó ní ìyẹ́ apá. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá o mú ẹni tó yẹ, yí gbólóhùn náà padà. Gbogbo ìlọ́po méjì ló ní ìdajì. Gbogbo ìdajì ló ní ìlọ́po méjì. Bí kò bá ṣeé yí, kì í ṣe alábàárìn.

Má ṣe tú ìbejì ọ̀rọ̀ ká

Nínú gírámà, correlative ni ọ̀rọ̀ méjì tí ń gbá gbólóhùn mú ní ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì. Èdè wa kún fún wọn. "Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e": bí o bá gbọ́ "bí," etí rẹ ti ń dúró de ohun tó kù. "Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún": yọ "bẹ́ẹ̀" kúrò níbẹ̀, kí o wò ó bóyá òwe náà á dúró. "Yálà" ń wá "tàbí." "Ì báà" ń wá "ì báà" ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tó dùn jù létí mi ni "ti" tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ méjì: tọmọdé tàgbà, tọkọ taya, tilé tọ̀nà, tọ̀sán tòru, tibi tire. Sọ "tọmọdé" kí o sì dákẹ́. Ẹni tó ń gbọ́ ọ á máa wo ẹnu rẹ.

Àṣìṣe tó ń dùn mí ni èyí tí mò ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, níbi tí wọ́n ti ń gbé alábàárìn Gẹ̀ẹ́sì wọ inú Yorùbá. Wọ́n á kọ pé "Méjèèjì Adé àti Olú wá." Ta ní ń sọ̀rọ̀ báyẹn ní Ìlódè tàbí ní Ẹnuwá? "Both" ló dá aṣọ Yorùbá bora. Ohun tí à ń sọ ni "Àti Adé àti Olú ló wá," tàbí "Adé àti Olú, àwọn méjèèjì ló wá." Wọ́n á tún kọ pé "Kì í ṣe nìkan pé ó ra iṣu ṣùgbọ́n ó ra epo pẹ̀lú." Ọ̀rọ̀ náà "nìkan" kì í jìnnà sí ohun tó ń dá dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé: "Kì í ṣe iṣu nìkan ló rà, ó ra epo pẹ̀lú." Àti pé "àti" kì í so gbólóhùn odindi méjì pọ̀ ní èdè wa. "Ó jẹun àti ó sùn" kò gún; "ó jẹun, ó sì sùn" ló gún. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé "neither Ade nor Olu came," má ṣe wá ọ̀rọ̀ kan tí o máa fi rọ́pò "neither." Sọ pé "Adé kò wá, bẹ́ẹ̀ ni Olú náà kò wá," ó tán.

Àṣìṣe náà ń rìn padà sẹ́yìn pẹ̀lú. Àwọn ọmọ wa máa ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé "Although it rained, but he went." Wọ́n máa ń nà wọ́n sí i, wọn kì í sọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá fún wọn. Inú Yorùbá ló ti wá. "Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò rọ̀, síbẹ̀ ó lọ": ọ̀rọ̀ méjì ni, alábàárìn ni wọ́n, ọmọ náà sì ń fi òótọ́ inú wá ibi tó máa fi èkejì sí. Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ ju ọ̀kan lọ níbẹ̀. Bí o bá ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣe é mọ́. Ti "no sooner" àti "hardly" jẹ́ àkọ́sórí lásán: "no sooner" ń bá "than" rìn, "hardly" ń bá "when" rìn, "neither" ń bá "nor" rìn, wọn kì í pààrọ̀ ara wọn.

Fún àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, gbólóhùn correlative tún jẹ́ irú èyí tí Hindi ń fi "jo" àti "vo" ṣe, níbi tí "jo" ti ń tọ́ka sí ẹni tí à ń wí, tí "vo" sì ń padà wá mú un ní apá kejì gbólóhùn. Má ṣe kó o pọ̀ mọ́ "either" àti "or."

Má ṣe sọ pé alábàárìn ẹ̀tọ́ rẹ ni ojúṣe tìrẹ

Ní 1913, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ òfin kan ní Amẹ́ríkà, Wesley Newcomb Hohfeld, kọ àpilẹ̀kọ kan tí àwọn olófin ṣì ń kà títí dòní. Ó kọ èkejì ní 1917, ó sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹjọ́ rẹ̀ ni pé àwọn adájọ́ àti agbẹjọ́rò ń lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀tọ́, fún nǹkan mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ sì ni alábàárìn ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Alábàárìn ẹ̀tọ́ gidi ni ojúṣe. Alábàárìn òmìnira láti ṣe nǹkan ni àìlẹ́tọ̀ọ́ láti dí i lọ́wọ́. Ẹni tó lágbára láti yí ipò òfin padà, alábàárìn rẹ̀ ni ẹni tí ipò tirẹ̀ ṣeé yí. Ẹni tí òfin dáàbò bò kúrò lọ́wọ́ irú agbára bẹ́ẹ̀, alábàárìn rẹ̀ ni ẹni tí kò ní agbára náà lórí rẹ̀.

Mo mọ ìyàtọ̀ yìí láti ìdí kànga. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó dé àdúgbò tí mo wà, aládùúgbò kan ní kí n máa wá pọn omi nínú kànga òun. Mo pọn ọ́n fún oṣù mélòó kan. Ọyẹ́ dé, omi lọ sílẹ̀, mo ṣe báyìí mo rí àgádágodo lórí ìdérí. Inú bí mi. Mo ní ẹ̀tọ́ mi ló tẹ̀ lójú. Lẹ́yìn ìgbà tí mo ka Hohfeld ló yé mi pé n kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Òmìnira ni mo ní. Níwọ̀n ìgbà tí ìyọ̀ǹda náà dúró, kò lè pè mí ní olè. Ibi tí alábàárìn òmìnira mọ nìyẹn. Kò sí níbẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ fi ìdérí sílẹ̀ fún mi. Ká ní mo sanwó, tí a sì jọ ṣàdéhùn ọdún kan ni, ẹ̀tọ́ á wà lọ́wọ́ mi, ojúṣe á sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù nìyí o. Àwọn olóṣèlú àti àwọn olùkọ́ máa ń sọ pé "ẹ̀tọ́ àti ojúṣe jọ ń rìn," kí wọ́n tó gba ọmọ ìlú níyànjú pé bó ṣe lẹ́tọ̀ọ́, kó san owó orí. Ìyànjú rere ni. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí Hohfeld ń wí. Ojúṣe tó jẹ́ alábàárìn ẹ̀tọ́ mi wà lọ́rùn ẹlòmíì. Bí o bá jẹ mí lówó, ẹ̀tọ́ wà lọ́dọ̀ mi, ojúṣe wà lọ́dọ̀ rẹ. Gbèsè kan ṣoṣo ni, èmi ń wò ó láti ìhín, ìwọ ń wò ó láti ọ̀hún.

Má sì ṣe pe alábàárìn ní òdìkejì. Òdìkejì ẹ̀tọ́ ni àìlẹ́tọ̀ọ́, ara ẹnì kan náà ni a ti ń wò wọ́n: o ní i tàbí o kò ní i. Alábàárìn ń fẹ́ ẹni méjì. Mo ti rí i nínú ìwé tí mo tẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin kó méjèèjì sínú tábìlì kan ṣoṣo, tí gbogbo ohun tó kọ lẹ́yìn ìyẹn sì wọ́.

Má ṣe sọ "ó sábà" di "dandan"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tó wá sí Lágere ti já sí nìyí. Nínú ìṣirò, àwọn nǹkan tí ń bá ara wọn rìn kò ní àdéhùn kankan láàárín ara wọn. Francis Galton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Ìlú Ọba, ló gbé ọ̀nà wíwọn irú ìrìn yìí, tí wọ́n ń pè ní correlation, jáde ní 1888. Karl Pearson wá ṣètò ìṣirò rẹ̀ ní 1896, èsì ìṣirò náà sì ni lẹ́tà r tí wọ́n ń kọ sí orí kẹrin títí dòní. Kì í kọjá 1 sókè, kì í kọjá -1 sísàlẹ̀.

Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ pé jíjìnnà ilé àti ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò jẹ́ correlative. Mo ní kó ṣí tábìlì rẹ̀. Mo fi ìka sí ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà jù nínú gbogbo wọn, mo fà á lọ sí ọ̀wọ́ máàkì. Òun ló gba máàkì tó ga jù. Ọmọ kan ṣoṣo yẹn ti tó láti fọ́ "dandan" túútúú. Kò fọ́ "ó sábà," torí àwọn tó kù ṣì ń lọ bó ṣe sọ. Àwọn ọmọ tí ń ti ọ̀nà jíjìn wá ló sábà ń gba máàkì tó rẹlẹ̀. Gbólóhùn tó gbọ́dọ̀ kọ nìyẹn.

Ohun kan tún wà lẹ́yìn èyí. Ṣé jíjìnnà náà ló fà á? Ọmọ tó ń gbé abà lè jẹ́ ọmọ tó ń bá òbí fọ́ kòkó kó tó wá sí ilé-ìwé, tí kò ní iná láti kàwé lálẹ́. Ìyẹn kò sí nínú ìbéèrè tó pín.

Ìyá ìyá mi ní Iléṣà máa ń kìlọ̀ fún wa pé ká má jẹ àgbàdo sísun jù, ibà ló ń fà. N kì í fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ohun tí màmá rí, ó rí i dáadáa: nígbà tí àgbàdo bá dé etí títì, ara àwọn ọmọdé máa ń gbóná. Méjèèjì ń bá ara wọn rìn lóòótọ́. Òjò ló mú àgbàdo gbó, òjò kan náà ló dá omi sí inú agolo àti kòtò tí ẹ̀fọn ń yé sí. Àwọn òyìnbó náà ṣe irú àṣìṣe yìí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún: wọ́n rí i pé ibi tí àbàtà ti ń rùn ni ibà pọ̀ sí, wọ́n ní afẹ́fẹ́ burúkú ló fà á. Ìtumọ̀ "malaria" nìyẹn ní èdè Ítálì, àṣìṣe náà ṣì wà lára orúkọ àìsàn náà. Ní oṣù kẹjọ 1897 ni Ronald Ross, ní Secunderabad ní Íńdíà, rí kòkòrò àìsàn náà nínú ẹ̀fọn. Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ wá ni. Táíwò kọ́ ló bí Kẹ́hìndé. Wá ìyá tó bí wọn.

Àwọn àṣìṣe kéékèèké tó kù lórí r, mo máa ń rí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àmì ìyọkúrò kò túmọ̀ sí pé ìbátan náà kò lágbára: -0.8 lágbára ju 0.5 lọ, ohun tó ń sọ ni pé bí ọ̀kan bá ń gòkè, èkejì ń sọ̀kalẹ̀. Òdo kò sì túmọ̀ sí pé kò sí ìbátan rárá. Ìlà gbọọrọ ni r ń wá. Ronú nípa iyọ̀ inú ọbẹ̀: bí o ṣe ń fi kún un ni ọbẹ̀ ń dùn, títí yóò fi dé ibì kan, lẹ́yìn náà bí o ṣe ń fi kún un ni ó ń bàjẹ́. Iyọ̀ àti adùn tan mọ́ra pátápátá, r lè fún ọ ní òdo. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n ya àwòrán àmì wọn kí wọ́n tó ṣírò ohunkóhun. Francis Anscombe, onímọ̀ ìṣirò, fi hàn ní 1973: ó kó ìdì òǹkà mẹ́rin jọ, mọ́kànlá mọ́kànlá, r gbogbo wọn jẹ́ nǹkan bí 0.816. Nígbà tó yà wọ́n, ọ̀kan fọ́n ká ìlà, ọ̀kan tẹ̀ bí ọrun, ọ̀kan tọ́ gbọọrọ àfi àmì kan tó ṣáko, ìkẹrin sì dúró ṣánṣán bí òpó àfi àmì kan tó jìnnà réré. Kọ̀ǹpútà kò ní sọ ìyẹn fún ọ bí o kò bá wò ó.

Níbi ewéko àti òkúta

Nínú ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn, correlative inhibition jẹ́ agbára gidi tí ẹ̀yà kan ń lò lórí ẹ̀yà mìíràn, kì í ṣe r rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá gbin ewúro sí ẹ̀yìnkùlé mọ̀ ọ́n: bí o kò bá já orí rẹ̀, á kàn máa ga, já a, ẹ̀ka á yọ ní ẹ̀gbẹ́. Ọ̀mùnú orí ló ń dí tàwọn ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́. Ní 1933, àwọn onímọ̀ ewéko méjì, Thimann àti Skoog, gé orí ẹ̀wà, wọ́n fi èròjà ìdàgbà tí wọ́n ń pè ní auxin sí ojú ọgbẹ́ náà, ọ̀mùnú ẹ̀gbẹ́ kò sì yọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fi "correlation kì í ṣe ìdí" bu onímọ̀ ewéko lẹ́nu níbí ti ṣì í. Wọ́n ti gé e, wọ́n ti dán an wò.

Ní ti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tí ń wá wo òkúta Iléṣà, ibi tí wúrà wà, láti correlate ni láti fi hàn pé àwọn ipele òkúta ní ibi méjì ṣe déédéé ara wọn, bóyá nínú ọjọ́ orí tàbí nínú irú òkúta. Sọ èyí tí o ní lọ́kàn. Àwọ̀ kan náà kì í ṣe ọjọ́ orí kan náà.

Ti sípẹ́lì kò gùn: r méjì, l kan. Àti pé "correlate," ohun tó sábà ń bá nǹkan mìíràn rìn, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ sí orí àkòrí iṣẹ́ wọn, kì í ṣe "correlative."

Ọmọbìnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi ṣú. Nínú ibi mẹ́fà yẹn, ó pa mẹ́rin rẹ́ pátápátá, ó sọ ọ̀kan di "correlate." Ìkẹfà ló pẹ́ lé lórí jù, torí gbólóhùn náà ló gbé gbogbo orí kẹrin dúró. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó wá yí ìwé náà sí mi: nínú àwọn ọmọ tí òun bi léèrè, bí ilé ṣe ń jìnnà sí i ni máàkì sábà ń rẹlẹ̀ sí i. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ó fi gbólóhùn kan kún un nípa ọmọ tó ti abà tó jìnnà jù wá.